Ìgbàkígbà tí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀, ṣé àkókò rẹ̀ náà nìyẹn lóòótọ́?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Leeds)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti pé ọdún mẹ́fà báyìí tí mo ti ń fi ìwé ìpè ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ìpàdé oṣooṣù yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kejì. Kò tíì sí ọjọ́ kan tí a bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di aago mẹ́ta ààbọ̀. Ní oṣù tí ó kọjá, nígbà tí aago méjì lù, àwa mẹ́ta péré ni a wà nínú gbọ̀ngàn tí a háyà: èmi, ìyá kan tí ó gbé kúlà ìrẹsì wá, àti akápò wa, ẹni tí ó ń ka owó inú agolo bisikíìtì ní àkàtúnkà kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dilẹ̀.

Kì í ṣe àròyé nìkan ni ó mú mi kọ̀wé. Ibi iṣẹ́ mi rán wa lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì lórí bí a ti ń darí ìpàdé, wọ́n sì kọ́ wa ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Open Space, èyí tí Harrison Owen, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1985. Nínú ìlànà yìí, a kì í tẹ ètò ìpàdé sílẹ̀ ṣáájú. Àga ni a ń tò yípo. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ lọ́kàn yóò kọ ọ́ sórí bébà, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá sì kàn yóò lọ bá a jókòó. Òfin mẹ́rin ni ó rọ̀ mọ́ ọn: ẹni tí ó bá wá ni ẹni tí ó yẹ, ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ náà ni ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀, ìgbàkígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ni àkókò tí ó tọ́, bí ó bá sì ti parí, ó parí náà nìyẹn.

Olùkọ́ wa sọ pé inú ẹ̀kọ́ Dao àwọn ará Ṣáínà ni òfin nípa àkókò yẹn ti wá, ó sì tún ti inú ìgbé ayé àwa ará Áfíríkà wá, nítorí pé àwa kì í jẹ́ kí aago jẹ gàba lé wa lórí. Ó sọ ìtàn àgbẹ̀ kan ará Song, ilẹ̀ kan ní Ṣáínà àtijọ́, ẹni tí ó ń fa èhù ọkà rẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè tètè ga, títí tí gbogbo rẹ̀ fi rọ. Gbogbo yàrá bá yíjú sí mi, nítorí pé èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, wọ́n ń retí kí n jẹ́rìí sí i. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi wà lọ́dọ̀ akápò àti agolo rẹ̀.

Ìbéèrè mi nìyí. Ṣé lóòótọ́ ni òfin yìí ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà àti ọ̀dọ̀ wa wá? Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ṣé ohun kan náà ni Dao àti àpérò ilẹ̀ wa ń sọ nípa àkókò? Ṣé kí n sì yọ aago méjì kúrò nínú ìwé ìpè mi, kí n kàn kọ ọ́ pé "nígbà tí a bá pé"? Ẹ jọ̀wọ́, kí a má tún bẹ̀rẹ̀ àwàdà Áfíríkán-táìmù. Ó ti sú mi.

Bàbá Olùkọ́

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ̀kọ́ èrò ìjìnlẹ̀ ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ìwé Ṣáínà àtijọ́ yìí sì wà lára ohun tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba àgbẹ̀ ará Song yẹn lọ́wọ́ olùkọ́ yín. Ìtàn rẹ̀ kò sí nínú ìwé àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ Dao rárá. Inú ìwé Mencius ni ó wà, Mencius sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ó tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ Confucius, ọlọ́gbọ́n Ṣáínà tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Dao. Ìtàn náà dára o, ṣùgbọ́n ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ti gbé e.

Ní ti Owen, àlùfáà ìjọ Episcopal ni. Ó ṣiṣẹ́ ní Liberia ní àwọn ọdún 1960, òun fúnra rẹ̀ sì ni ó ròyìn pé ní abúlé kan tí ń jẹ́ Balamah, òun wo ayẹyẹ ìsọdọkùnrin àwọn ọmọdé fún odidi ọjọ́ mẹ́rin, òun kò rí ìgbìmọ̀ ètò kankan, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ lọ geere. Ní ọdún 1983 ni ó wá ṣètò àpérò ńlá kan ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó gbà á ní ọdún kan gbáko láti múra rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, gbogbo wọn gbà pé àkókò ìsinmi, tí oníkálukú ń mu kọfí tí ó sì ń bá ẹni tí ó wù ú sọ̀rọ̀, ni ó dùn jù nínú rẹ̀. Ọdún 1985 ni ó dán ìlànà tuntun yìí wò ní Monterey, ní California. Nítorí náà, ẹ̀ka Áfíríkà inú ọ̀rọ̀ náà ní ibi tí a lè fi ọwọ́ tọ́ka sí.

Ṣùgbọ́n mo ní iyàn kan láti bá a jà. Ohun tí àlejò kò rí kò di ohun tí kò sí. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Liberia, ẹgbẹ́ awo tí wọ́n ń pè ní Poro ni ó ń bójú tó ìsọdọkùnrin. Ta ni yóò wá mú àlejò wọ inú ìgbìmọ̀ awo kí ó lè rí i? Ẹni tí ó bá wá wo ọdún Eégún nílẹ̀ wa lójijì yóò rò pé ìlú kàn jí ní ọjọ́ kan ni, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí jó. Kò mọ̀ pé Alágbàá ti kà á lọ́jọ́, àwọn aránṣọ ti rán aṣọ, àwọn ìyá sì ti fi owó pamọ́ láti ìgbà tí iṣu tuntun ti jáde. Ohun tí Owen pè ní àìsí ètò, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ètò tí ó ti wọ ara àwọn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ń pariwo mọ́.

Wàyí o, Dao. Ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí gan-an, ìwé Daodejing tí wọ́n kà sí ti Laozi, ọlọ́gbọ́n Ṣáínà àtijọ́, sì ní orí 81, kúkúrú kúkúrú. Nínú orí kẹjọ ni ó ti fi ènìyàn rere wé omi, tí ń ṣe gbogbo ohun alààyè ní oore láìbá ẹnikẹ́ni du ipò, tí ó sì ń gbé ní ibi ìsàlẹ̀ tí àwọn ènìyàn kò fẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ó ka oríṣiríṣi ohun, ó ń sọ ohun tí ó mú ọ̀kọ̀ọ̀kan dára: ilẹ̀ ni ó mú ibùgbé dára, òtítọ́ ni ó mú ọ̀rọ̀ dára, nígbà tí ó sì kan ìṣípòpadà, ó ní kí ó bọ́ sí àkókò ni ó dára. Kí ó bọ́ sí àkókò! Ìwé náà kò sọ pé ìgbàkígbà ni ó tọ́. Ìgbà kan wà tí ó tọ́, ìgbà kan sì wà tí kò tọ́, iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n sì ni kí ó dá wọn mọ̀.

Ohun tí àwọn olùdarí ìpàdé òde òní fẹ́ràn jù ni *wu wei*, èyí tí mo máa ń túmọ̀ sí àìfipáṣe. Wọ́n á ní kí a jókòó, ọ̀rọ̀ yóò yanjú ara rẹ̀. Ẹ lọ ka orí kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó béèrè pé ta ni ó lè fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mú kí omi tí ó rú tòrò díẹ̀díẹ̀. Èyí ni gbogbo wọn ń kà. Ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e ni wọn kì í kà: ta ni ó lè fi ìṣípòpadà sọ ohun tí ó ti dákẹ́ di alààyè díẹ̀díẹ̀? Ìwé náà mọ̀ pé omi tí kò rú mọ́ lè di adágún tí kòkòrò ń yé sí.

Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ ìpàdé jù lọ lójú tèmi wà nínú ìwé Zhuangzi, òmíràn lára àwọn ìwé Dao, ní orí kẹta. Alápatà kan tí ń jẹ́ Ding ń kun màlúù fún ọba. Ó ní alápatà lásán ń pààrọ̀ ọ̀bẹ lóṣooṣù nítorí pé ó ń ṣá egungun. Ẹni tí ó mọṣẹ́ díẹ̀ ń pààrọ̀ tirẹ̀ lọ́dọọdún nítorí pé ó ń gé ẹran. Ọ̀bẹ tirẹ̀ ti lo ọdún 19, ó ti fi kun ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù, ẹnu rẹ̀ sì mú bí ẹni pé orí òkúta ìpọ́nbẹ ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e. Àlàfo tí ó wà láàárín oríkèé ni ó ń gbà kọjá. Síbẹ̀, bí ó bá dé ibi tí iṣan àti egungun ti lọ́ mọ́ra, ojú rẹ̀ a dúró sójú kan, ọwọ́ rẹ̀ a falẹ̀, ọ̀bẹ a mì díẹ̀ báyìí, ẹran a sì já sílẹ̀ bí ògúlùtu. Ding kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ o. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ mọ́ra ni ó ti ń falẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a fi bò. Ẹni tí ó ń gbọ́ àkókò nínú àwọn ìwé Dao sábà máa ń jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí ọkàn rẹ̀ tòrò. Nínú orí kẹta yẹn kan náà, nígbà tí Laozi kú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Qin Shi wọlé, ó ké igbe mẹ́ta, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní ọkùnrin náà wá ní àkókò tí ó yẹ kí ó wá, ó sì lọ ní àkókò tí ó yẹ kí ó lọ, èrò tí ó ń sunkún níbẹ̀ ti ṣàṣejù. Ẹ fojú inú wo ẹni tí ó bá dán èyí wò níbi òkú àgbà nílẹ̀ wa! Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ènìyàn ni ó ń pàdé tí àkókò fi ń tó. Nítorí náà, ohun méjèèjì bára mu nínú àìfipáṣe, ṣùgbọ́n ibi tí àṣẹ àkókò ti ń wá kò dọ́gba.

Ìyá Ìbejì Nọ́ọ̀sì

Bàbá Olùkọ́, ẹ ṣeun, mo gbádùn ọ̀rọ̀ alápatà yẹn gan-an. Ẹ má bínú tí mo bá fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lé ilẹ̀ díẹ̀.

Èmi gan-an ni ìyá oníkúlà, kì í ṣe ti Leeds, ṣùgbọ́n a jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní ìlú mìíràn. Bí ìpàdé bá jẹ́ aago méjì, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti wà nídìí iná, nítorí pé ìrẹsì tí a bá sè lálẹ́ àná kì í rí bákan náà. Mo ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Aago méje ààbọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ wà ní wọ́ọ̀dù kí ẹni tí mo fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè lọ sùn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ní aago mẹ́rin, ẹ kò gba àkókò lọ́wọ́ aago o. Oorun mi ni ẹ gbà. Ní ẹgbẹ́ tiwa, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dìbò lórí ọ̀rọ̀ owó lẹ́yìn tí àwa tí a ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ti jáde, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ pé gbogbo ilé fọwọ́ sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni òfin ìgbàkígbà yìí ń ṣiṣẹ́ fún. Bí alága bá dé ní aago mẹ́rin, àwọn ènìyàn á dìde, wọ́n á ní ẹ káàbọ̀ sà, àkókò ti tó. Bí èmi bá dé ní aago mẹ́rin, wọ́n á ní kí n san owó ìtanràn pọ́n-ùn márùn-ún. Nínú gbogbo ìpàdé tí wọ́n ti ń dúró de ènìyàn, ẹ wo àwọn tí wọ́n ń dúró dè, kí ẹ sì wo àwọn tí ń dúró. Ẹ ó mọ ẹni tí àkókò ìlú jẹ́ tirẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é láti ilẹ̀ wá. Ìyá mi ń ná ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún. Ìdájí ni wọ́n ń kúrò nílé, òkùnkùn ṣì wà lójú ọ̀nà, nítorí ẹni tí ó bá dé ọjà nígbà tí oòrùn ti mú, àjẹkù ọjà ni yóò rà. Owó èésú wọn ńkọ́? Ọjọ́ tí ó bá pé náà ni wọ́n ń kó o fún ẹni tí ó kàn, bí òjò ń rọ̀ bí kò rọ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kò ní aago lọ́wọ́, ṣùgbọ́n n kò rí i kí wọ́n pẹ́ débi tí owó wọn wà rí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo kí gbogbo ilé. Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ, mo sì fẹ́ fi kún un.

Ìṣirò ọjọ́ àwọn baba wa fi hàn pé wọn kì í fi ọ̀rọ̀ àkókò ṣeré. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún tí Ìyá Ìbejì mẹ́nu bà, bí ẹ bá fi ìka kà á bí àwọn òyìnbó ti ń kà á, ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà láàárín. Ìsán jẹ́ mẹ́sàn-án lórúkọ, ọjọ́ mẹ́jọ ni. Ìtàdógún, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń pàdé, jẹ́ mẹ́tàdínlógún lórúkọ, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn baba wa ń ka ọjọ́ tí a pàdé, wọ́n sì tún ń ka ọjọ́ tí a ó tún pàdé. Ìpàdé méjèèjì wà nínú ìṣirò. Láti ìpàdé dé ìpàdé ni ọjọ́ ń kà, a kò kọ́kọ́ ní ọjọ́ lásán kí a tó wá ibi tí a ó ti ìpàdé bọ̀ ọ́. Láàárín ọjọ́ kan náà, kò sí aago méjì, ṣùgbọ́n kùtùkùtù wà, ìyálẹ̀ta wà, ọ̀sán gangan wà, ìrọ̀lẹ́ wà. Bí wọ́n bá dá ìyálẹ̀ta fún ọ tí o sì dé ní ìrọ̀lẹ́, o ti pẹ́, kò sí aájò tí o lè fi tún un ṣe.

Síbẹ̀, ìdúró wà. Mo rántí ìpàdé ẹbí ní agbo ilé bàbá mi àgbà. Ìyálẹ̀ta ni wọ́n dá. Àwọn tí ó kọ́kọ́ dé yóò jókòó sórí ẹní, bàbá mi àgbà yóò mú obì àbàtà lọ́wọ́, kò ní tíì pa á. Bí obì ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yẹn, ìpàdé kò tíì bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu kò dúró. Wọ́n á béèrè pé, "Lámọrín ńkọ́?" Wọ́n á rán ọmọdé, èmi ni wọ́n sábà máa ń rán. Mo ń sáré lọ, mo ń sáré bọ̀: wọ́n ní àwọn ń bọ̀, wọ́n ń wẹ ọmọ lọ́wọ́. Tàbí: wọ́n ní àwọn kò wá, nítorí ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ sí àwọn ní oko. Ẹ rí i, ọ̀rọ̀ ti jáde! Àgbà kan yóò dìde, yóò gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá onítọ̀hún, àwọn méjèèjì yóò sì jọ dé. Ẹ̀gbọ́n tí ó sọ̀rọ̀ ní oko yóò ti mọ ohun tí yóò sọ kí ó tó jókòó tán. Ìgbà yẹn ni bàbá mi àgbà ń pa obì. Láti ìgbà tí obì bá ti fọ́, ọ̀rọ̀ kì í gùn mọ́, nítorí pé ó ti jinná lórí ìdúró.

Obì yẹn ni aago wọn, ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ sì ń wo ojú gbogbo ènìyàn. Bí mo bá gbọ́ Bàbá Olùkọ́ yé dáadáa, ohun tí alápatà Ṣáínà ń wò nínú ẹran náà ni àgbà ń wò lójú àwọn tí ó jókòó.

Nísinsìnyí, ẹ wo gbọ̀ngàn Leeds. Láàárín aago méjì sí aago mẹ́ta ààbọ̀, ta ni ó rán ọmọ lọ wo ẹnikẹ́ni? Ọ̀rọ̀ wo ni ó jinná? Akápò ń ka owó, ìyá ń wo kúlà, àwọn ìyókù tí ó dé ń tẹ fóònù. A gbé ìdúró náà wá láti ilé, a sì fi ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Èmi kò lè pe èyí ní àṣà.

Ará Gaborone

Mo fẹ́ sọ díẹ̀ láti Botswana, níbi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ìṣirò láti ọdún mọ́kànlá. Àpérò ìlú níbí ni wọ́n ń pè ní kgotla. Igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ìlàjì òbìrípo ni ó sábà máa ń yí i ká. Títí di òní, bí ìjọba bá ní ètò tuntun, ibẹ̀ ni mínísítà tàbí ààrẹ fúnra rẹ̀ ti ń wá bá ará ìlú sọ ọ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n pè é sí àárọ̀, mo sì rò pé mo mọ ohun tí àárọ̀ túmọ̀ sí, mo fara balẹ̀ jẹun. Nígbà tí mo dé, àwọn àgbà ti jókòó pẹ̀lú àga tí oníkálukú gbé láti ilé rẹ̀, kò sì sí àyè mọ́ lábẹ́ ibòòji. Inú oòrùn ni mo dúró sí títí di ọ̀sán.

Wọn kò pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìparí ni kò ní ààlà. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ń dìde, ó ń sọ tirẹ̀ tán, kò sí ẹni tí ó ń fi aago hàn án. Bàbá kan sọ ọ̀rọ̀ kànga kan náà nígbà mẹ́ta, kgosi, ìyẹn ọba ìlú, sì ń gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ kò yí padà. Àwọn Tswana, tí ó pọ̀ jù níbí, a máa sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ní kgotla ni ó dára, wọ́n sì tún ní ẹni tí ó sọ̀rọ̀ tí kò dára ń sọ ọ́ kí ẹni tí ó ní èyí tí ó dára lè jáde. Kgosi ni ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ohun tí ó bá sì sọ gbọ́dọ̀ jọ ohun tí etí gbogbo ènìyàn ti gbọ́. Nelson Mandela ròyìn ohun tí ó jọ èyí nípa ààfin Mqhekezweni tí ó ti dàgbà ní ilẹ̀ Thembu, ní Gúúsù Áfíríkà: adelé-ọba ń dákẹ́ títí dé òpin, wọ́n ń sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi fohùn ṣọ̀kan, bí wọn kò bá sì fohùn ṣọ̀kan, wọn yóò tún pàdé.

Nítorí náà, èrò mi ni pé orí ìbẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wa ń jiyàn lé, ìparí sì ni ọ̀làwọ́ àkókò wà nínú àwọn àpérò tí mo mọ̀. Àwa tí a wà ní òkè òkun ti yí i po: a ń fi wákàtí méjì ṣòfò ní ìbẹ̀rẹ̀, a sì ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sáré dìbò ní ìparí nítorí pé wọ́n fẹ́ ti gbọ̀ngàn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìkejì rẹ̀ kí Ìyá Ìbejì tó sọ ọ́ fún mi. Láyé àtijọ́, wọn kì í jẹ́ kí obìnrin bá wọn pé jọ ní kgotla, Mandela náà sì sọ pé ní Mqhekezweni, wọn kò ka obìnrin mọ́ àwọn tí ń sọ̀rọ̀. Ó rọrùn láti fi odidi ọjọ́ kan sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń bá ọ pọn omi. Ọ̀rọ̀ kékeré kan sí i: kí a ṣọ́ra fún "Áfíríkà" tí ó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. John Mbiti, onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ ará Kenya, kọ̀wé ní 1969 pé àwọn ará Áfíríkà kò ní ọjọ́ iwájú tí ó jìn nínú èrò wọn, ó sì fi èdè àwọn Kamba àti Gikuyu gbè é lẹ́yìn. Kwame Gyekye, onímọ̀ bíi tirẹ̀ ará Ghana, fi èdè Akan tirẹ̀ já a ní koro. Olùkọ́ Akọ̀wé lè má tíì gbọ́ pé a ti ń jiyàn náà láàárín ara wa.

Bàbá Olùkọ́

Ará Gaborone, ẹ ti tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, mo gbà. Mo ti ń fi òfin kẹta Owen ṣeré láti àárọ̀, èyí tí ó kẹ́yìn ni ó sì súnmọ́ kgotla yín: bí ó bá ti parí, ó parí, bí kò bá sì tíì parí, kò tíì parí. Aláìlágbára jùlọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ti ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, òun sì ni ó gbajúmọ̀ jù. Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ oorun yín kò kúrò lọ́kàn mi. N kò rí èsì kankan fún un nínú Laozi.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Leeds)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti tún ìwé ìpè oṣù tí ń bọ̀ kọ, mo sì ń fi í síbí kí ẹ lè bá mi wò ó:

"Ìlẹ̀kùn yóò ṣí ní aago kan ọ̀sán fún ìkíni àti fún ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ẹnìkejì rẹ̀ yanjú kí a tó jókòó. Ẹni tí kò bá ní lè wá, kí ó pe akọ̀wé ṣáájú àkókò yìí. Akọ̀wé yóò pe ẹni tí a kò bá gbúròó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tí ó bá wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ dé ni yóò darí rẹ̀ títí alága yóò fi dé. A kò ní dìbò lórí ọ̀rọ̀ owó lẹ́yìn aago mẹ́rin ààbọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá tíì jinná, a ó gbé e dé oṣù tí ó tẹ̀lé e, láìsí ìbínú."

Mo rò pé n ó mú obì wá pẹ̀lú. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní òpópónà tí ó kọjú sí gbọ̀ngàn náà tí ó ń ta á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbànja nìkan ni wọ́n sábà máa ń ní, àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ yóò sì bá mi jà lórí èyí ṣáájú ohunkóhun mìíràn.

Mo fi ìwé ìpè náà ránṣẹ́ sí alága ní alẹ́ àná kí n tó gbé e síta fún gbogbo ẹgbẹ́. Àmì méjì aláwọ̀ búlúù ti hàn láti aago mẹ́wàá. Kò tíì fèsì.